Èsì: Gílóòbù kan ṣoṣo ni o

Ẹ̀gbọ́n wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹ béèrè bóyá iná púpọ̀ ni oníṣẹ́ ọnà Anila Quayyum Agha kó sínú àpótí onígi rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọnà oníhò sí lára, tí òjìji ọnà náà fi bo gbogbo yàrá. Rárá o, gílóòbù kan ṣoṣo ni! Ọdún 2013 ló ṣe é: àpótí olójú mẹ́fà tó dọ́gba, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so rọ̀. Ààfin Alhambra ní Spain ló sún un ṣe é.

Mo fi páálí dán an wò n'Íkòròdú. Gílóòbù tí gíláàsì rẹ̀ kò mọ́ gaara mú òjìji wá bàìbàì. Ẹ lo èyí tó kéré, tó mọ́ gaara. Ọnà á hàn kedere. Ẹ gbé e sáàárín gbùngbùn àpótí náà, kí ẹ sì wọ inú òjìji rẹ̀ lọ dúró. Nígbà tí ọnà yẹn bo apá mi, orí mi wú.