Ṣé Ẹni Tí Kò Jèrè Ṣì Gbọ́dọ̀ San VAT?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì la ń ṣe n'Íbàdàn. A ti forúkọ ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún VAT, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń fi lé iye ọjà àti iṣẹ́, nítorí àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ fún wa. Lọ́dún yìí, owó oṣù àwọn ọmọọṣẹ́ àti àtúnṣe mọ́tò ti gbé gbogbo èrè lọ. Ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé ní níwọ̀n ìgbà tí a ò ti jèrè, a ò jẹ ìjọba ní VAT kankan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, irọ́ ni. Àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ owó-orí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn kọ́ ni yóò san ìtanràn nígbà tó bá dé.

VAT kì í ṣe owó-orí èrè. Ti èrè wà lọ́tọ̀, òfin tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Oníbàárà yín ló ń san VAT. Ẹ̀yin kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Alájọ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn kò lè sọ fún àwọn tó ń dájọ pé òun ò jèrè lóṣù yìí, kí owó wọn torí ẹ̀ di tiẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT láti oṣù kejì ọdún 2020, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 kò sì yí i padà. Ẹ ra pákó àti fóòmù ₦400,000, ẹni tó tà á fún yín gba VAT ₦30,000 lé e. Ẹ kan àga, ẹ tà á ní ₦700,000, ẹ gba VAT ₦52,500 lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ yọ ₦30,000 tí ẹ ti san kúrò. ₦22,500 ló kù tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó ti àpò yín jáde.

Owó oṣù ọmọọṣẹ́ kò ní VAT nínú, nítorí náà kò lè dín ₦22,500 yẹn kù, bó ti wù kó gbé èrè yín lọ tó. Ti àtúnṣe mọ́tò yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, VAT orí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yín àti orí ẹ̀rọ tí ẹ rà kò ṣeé yọ. Òfin tuntun ti gbà á láyè, bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ yín tó ní VAT lórí, tí ínfọ́ìsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Bí mẹkáníìkì tàbí oníṣòwò pákó ní Bódìjà kò bá forúkọ sílẹ̀, tí kò sì gba VAT lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tí ẹ máa yọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe ayédèrú rìsíìtì.

Bí VAT bá ti wà nínú iye tí ẹ gbà, ẹ má yọ ìdá 7.5 lára gbogbo rẹ̀. Ẹ pín ₦752,500 (ìyẹn ₦700,000 pẹ̀lú VAT rẹ̀) sí 107.5, kí ẹ wá fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦52,500 ni. Ẹni tó bá ṣe é lọ́nà kejì á san ₦3,937.50 lé e lásán.

Òfin yọ̀ǹda àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kan kúrò nínú gbígba VAT, n kò sì mọ iye tí ẹ ń tà lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí akáǹtáǹtì tó níwèé ẹ̀rí yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì ti di ti ìjọba. Ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìwé VAT ránṣẹ́ kódà lóṣù tí ẹ ò ta nǹkan kan. Àwọn oṣù tí ẹ ti fò, ẹ kó ìwé wọn lọ sí ọ́fíìsì owó-orí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín ṣe ìwé.