Ìdáhùn: Kọ́ìnì proof 1959 tí bàbá fi sílẹ̀ nílé, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ̀yin wà ní Houston, àbúrò yín wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì rí àpótí kékeré kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá, kọ́ìnì Nàìjíríà mẹ́fà ti ọdún 1959 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń dán gbinrin. Ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gíréèdì, ìyẹn àwọn tó ń yẹ kọ́ìnì wò tí wọ́n sì ń fún un ní nọ́ńbà bí ó ṣe dára tó, kí wọ́n sì kọ "Cameo" sí wọn lára, àmì pé àwòrán kọ́ìnì funfun lórí ilẹ̀ tó ń dán. Ẹ tún ní àbúrò yín ń bèèrè bóyá kí òun fi Brasso dán wọn díẹ̀ kí òun tó ya fọ́tò.

Ẹ kọ́kọ́ pè é ná, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kàn wọ́n. Kì í ṣe Brasso nìkan ni mò ń wí: ọṣẹ, omi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, aṣọ tó rọ̀ jù lọ nílé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe proof, ìyẹn kọ́ìnì tí wọ́n tẹ̀ lákànṣe fún àfipamọ́, kì í ṣe fún níná, ló fà á. Wọ́n máa ń dán irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á dán òǹtẹ̀ náà fúnra rẹ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pẹ̀lú agbára, títí ojú rẹ̀ á fi dà bíi dígí. Ojú tó bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀kan, á ní ìlà tín-ín-rín bí irun, ẹ lè má rí i nínú yàrá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe gíréèdì á kàn yí kọ́ìnì náà lábẹ́ iná, gbogbo ìlà yẹn á yọ sí i lójú. Kọ́ìnì tí wọ́n bá ti rí i pé a fọ̀, wọn kì í fún un ní nọ́ńbà. "Details" ni wọ́n máa ń kọ sí i, wọ́n á sì fi "Cleaned" tì í. Iye rẹ̀ ti já nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè dá ojú rẹ̀ padà. Ní ti àmì ìka, òógùn àti òróró ara máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ idẹ, nígbà tó bá yá á di àbàwọ́n tó ṣú. Bí ó bá di dandan pé kó gbé e, etí rẹ̀ nìkan ni kó dì mú, lórí ìrọ̀rí tàbí aṣọ, kó má baà bọ́.

Ìbéèrè tí ẹ kò bi mí nìyí, òun ló sì yẹ kó ṣáájú: ṣé proof ni lóòótọ́? Ọdún 1959 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní owó onírin tirẹ̀, nígbà tó kúrò lórí owó tí gbogbo àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń ná. Royal Mint ní London ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ná pọ̀ lọ súà, àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà ní báńkì tí wọn kò ná rárá, títí di òní wọ́n ṣì ń dán. Dídán nìkan kọ́ ni proof. Ti àpótí yẹn jẹ́ àmì rere, torí inú àpótí ni wọ́n máa ń kó odindi proof mẹ́fà sí: àbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ (pẹ́nì ayé àtijọ́), tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta), sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà), ṣílè àti ṣílè méjì. Ṣùgbọ́n mo ti rí àpótí gidi tí ẹnì kan yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, tó wá fi èyí tí wọ́n ná lọ́jà dí àlàfo. Kí àbúrò yín gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má yọ nǹkan kan, kó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè gangan, kó tún yà á ní ìdagun. Bí ẹ bá rí férémù fèrèsé kedere nínú kọ́ìnì, tí etí lẹ́tà àti etí kọ́ìnì sì mú ṣáṣá, ó dára. Kó fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, kì í ṣe bíi fọ́tò lásán, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, gbogbo ohun tí à ń wá á sì parẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Cameo. Ẹ̀gbọ́n, a kì í béèrè fún un, a kì í sì í san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó bá wà lára kọ́ìnì ni wọ́n máa kọ. Lára proof mìíràn, ojú ilẹ̀ kọ́ìnì á mọ́, ṣùgbọ́n àwòrán àti lẹ́tà á funfun bí ẹni pé yìnyín bò wọ́n. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni wọ́n ń wò. Bí ó bá hàn dáadáa, Cameo ni. Bí ó bá lágbára gan-an, NGC á pè é ní Ultra Cameo, PCGS á pè é ní Deep Cameo (ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe gíréèdì ni wọ́n), ohun kan náà ni. Iwájú àti ẹ̀yìn ló gbọdọ̀ ní in. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NGC máa ń fi àmì ìràwọ̀ kékeré yẹ́ irú bẹ́ẹ̀ sí nígbà mìíràn. Funfun yẹn máa ń wà lára òǹtẹ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun, bí ó ṣe ń tẹ kọ́ìnì lọ ló ń yọ́ kúrò. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí i lára sísì, kí ẹ má rí i lára ṣílè tó wà nínú àpótí kan náà. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Kọ́bọ̀ àti àbọ̀ kọ́bọ̀, àwọn tó ní ihò láàárín àti ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, kò ní orí Ọba Obìnrin rárá, nítorí náà ara adé àti lẹ́tà ni wọ́n á ti wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ní ìdánwò mìíràn tí àwọn tó kù kò ní, torí wọ́n jẹ́ idẹ: àwọ̀. RD ni èyí tí pupa àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì bo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ara rẹ̀, RB ni èyí tó wà láàárín, BN ni èyí tó ti di búráùn. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò ṣàánú idẹ, nítorí náà RB ni kí ẹ máa retí, bí ẹ bá rí RD, ẹ dúpẹ́. Gbogbo èyí yàtọ̀ sí nọ́ńbà fúnra rẹ̀, tó ń lọ láti 1 dé 70. Proof tí ẹnikẹ́ni kò ná, tí wọn kò sì bà jẹ́, máa ń wà láàárín 60 sí 70.

Tí ẹ bá bi mí, mi ò ní rán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó gíréèdì, owó ìfìránṣẹ́ lọ àti bọ̀, owó ìbánigbófò, orí kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀ máa já lé, tọ́rọ́ tó ní ìlà irun kò sì lè dá a padà. Ẹ lọ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà gan-an nínú àkọsílẹ̀ Heritage Auctions, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ta kọ́ìnì ní gbàǹjo, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀. Ẹ má wo iye tí ẹni tó ń tà lórí eBay kọ sílẹ̀, ẹ wo èyí tí wọ́n ti rà. Ẹ tún rántí pé tí ẹ bá ti yọ wọ́n, tí wọ́n sì ti tì wọ́n mọ́ inú ike, àpótí bàbá ṣófo nìyẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́ tà, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ná owó yẹn.

Bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín. Àpótí bàbá ni o, kì í ṣe ti ẹni tó rí i. Kí àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá yín gbọ́ sí i kó tó kúrò nílé, kí ẹ sì ní fọ́tò rẹ̀ lórí gúrúùpù ẹbí. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ogún kékeré ti di ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ń bọ̀ tí ẹ fọkàn tán, kó gbé e lọ́wọ́, kì í ṣe nínú àpò ẹrù tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kí wọ́n pa àpótí náà dé bí ó ṣe wà, kí wọ́n fi í sínú ọ̀rá tó ṣeé tì pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, èyí tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má fi róbà dè é, sọ́fúrì inú rẹ̀ máa ń sọ irin di dúdú.

Ní ti pápákọ̀ òfuurufú, òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣọ́ ère àti nǹkan àtijọ́ ilẹ̀ wa, kì í ṣe owó tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1959. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè má mọ ìyàtọ̀. NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù, máa ń fúnni ní ìwé pé ohun tí a gbé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ lè béèrè rẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù Onikan ní Èkó. Ó dára ju kí àgbàlagbà máa jiyàn ní kọ́ńtà. Ní Amẹ́ríkà, kí ẹni tó gbé e sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ó wà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tó bá dé Houston, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀ jù, torí Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà: NGC ní Sarasota, Florida, PCGS ní California. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́, tàbí kí ẹ gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò kọ́ìnì tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ ra àpò pẹlẹbẹ tí wọ́n fi Mylar ṣe, irú ike kan tí kì í ba kọ́ìnì jẹ́, ẹ má ra èyí tó rọ̀ tó ń rùn bí ike tuntun, PVC ni ìyẹn, ó máa ń tu omi aláwọ̀ ewé sára kọ́ìnì. Ẹ má fi pín-ìn kàn án. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orílẹ̀-èdè, ọdún, iye owó, àti "Proof". Iye tí ẹ bá sọ pé kọ́ìnì tó ni wọ́n á fi mọ ìpele tí ẹ máa san fún, nítorí náà ẹ má bù ú kù, òun náà ni ìbánigbófò máa wò. Ẹ fi Registered Mail ti USPS, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, rán an. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá rí ìkùukùu tàbí omi PVC lórí rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ fúnra yín. NGC ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní NCS tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ lè kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kan náà.

Bí àbúrò bá ti ya fọ́tò, ẹ fi sí ibí, iwájú àti ẹ̀yìn, kí a jọ yan èyí tó yẹ kó lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé ti sísì.