Virtual image ò sí lórí bébà, má wá a níbẹ̀

Àbúrò mi tó ní òun gbé bébà káàkiri ẹnu míkírósíkóòpù tí òun ò rí àwòrán mú, tí ìṣirò òun sì ń mú mínọ́ọ̀sì jáde, fọkàn balẹ̀, virtual image, ìyẹn àwòrán tí ojú ń rí ṣùgbọ́n tí bébà ò lè mú, lò ń wá. Ojú mi ti rí i nílé ìwé girama. Tísà fìsíìsì wa gbé lẹ́ǹsì convex (èyí tí àárín ẹ̀ wú) kalẹ̀, focal length ẹ̀ (bí ibi tó ń kó ìtànṣán ọ̀nà jíjìn jọ sí ṣe jìnnà sí i tó) jẹ́ 10 cm, ó ní ká gbé àbẹ́là sí 6 cm sí i, ká fi bébà wá àwòrán iná yẹn lódìkejì. Háà! A sún bébà síwájú, a sún un sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ kàn ń fẹ̀ sí i ni, kò kóra jọ níbì kankan, àbẹ́là ń yọ́ sórí tábìlì, apá ń ro wá, ó wá ní ọ̀lẹ ni wá, gbogbo wa gba òdo. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ ló ní ká wá. Ẹni tó ń gbowó oṣù lórí pé òun ń kọ́ ọmọ, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ fojú ara ẹ̀ wò ó ni?

Tí nǹkan bá ti sún mọ́ lẹ́ǹsì convex ju focal length lọ, ìtànṣán tó bá jáde ò ní pàdé mọ́, wọ́n á máa yà kúrò lára wọn ni. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òdìkejì, á dà bíi pé ẹ̀yìn àbẹ́là ni wọ́n ti ń bọ̀. Tí v bá jẹ́ bí àwòrán ṣe jìnnà sí lẹ́ǹsì tó, 1/v = 1/10 − 1/6, v á di −15 cm. Ohun tí mínọ́ọ̀sì yẹn ń sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ tí àbẹ́là wà ni àwòrán wà, kò dorí kodò, ó sì tóbi ní ìlọ́po 2.5. Bébà ò lè mú un, ṣùgbọ́n ojú ẹ á rí i, kámẹ́rà fóònù náà á yà á, torí àwọn méjèèjì ní lẹ́ǹsì tiwọn tó ń kó ìtànṣán jọ.

Ti míkírósíkóòpù, lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ á ṣe àwòrán gidi (real, èyí tí bébà lè mú) sínú páìpù, lẹ́ǹsì òkè á sọ ọ́ di virtual. Ìyẹn ò le.

Ohun tó ń pa ọmọ láyò nínú ìdánwò ni pé òfin àmì púlọ́ọ̀sì àti mínọ́ọ̀sì ò jọra: ìwé kan ń lo real-is-positive (àwòrán gidi ló ń jẹ́ púlọ́ọ̀sì), òmíì ń lo Cartesian (ìhà tí wọ́n wọ̀n ọ́n sí láti lẹ́ǹsì ló ń pinnu àmì), àwọn tísà lẹ́sìn á sì pò wọ́n mọ́ra. Mú ẹyọ kan. Jọ̀ọ́, má fi lẹ́ǹsì kankan wo oòrùn láé o, ojú á fọ́!

Tó o bá fẹ́ rí àwòrán lórí bébà, gbé àbẹ́là lọ sí 15 cm, kí bébà wà ní 30 cm lódìkejì, wàá rí iná náà tó dorí kodò, ní ìlọ́po 2.