Èsì: Bí àwọn ọmọ ṣe lè mọ èdè àti àṣà Rọ́ṣíà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, Ìyá Táyọ̀. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ yín lè gbọ́ èdè Rọ́ṣíà tí ìyá bàbá wọn ń sọ. Àlọ́ ni o! Ẹ ní kí ìyá àgbà pa ti bàbá arúgbó tí kò lè dá fa ohun ọ̀gbìn rẹ̀ tu: ó pe ìyàwó, ìyàwó pe ọmọ-ọmọ, ó kan ajá, ó kan ológbò, eku ló wá parí ẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń tún sọ ṣáá, bí orin inú àlọ́ tiwa. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ Maslenitsa, àjọ̀dún wọn ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ẹ jọ dín blini, ìyẹn páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn.

Ní ti ìtàn, ẹ sọ ti Abram Gannibal, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ ọba Peter Kìíní, tó di ọ̀gágun. Òun ni baba ńlá Pushkin, akéwì wọn tí wọ́n bí ní 1799. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ tèmi bi mí bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́tà wọn 33 lè dúró. «Р» tiwọn, «r» ni; «Н» sì jẹ́ «n». Èmi gan-an ṣì máa ń ṣì í kà.