"Ta là ń sin?"

Àbúrò, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. O ní ẹbí fẹ́ kẹ́ ẹ kọ "obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́" sínú ìwé ìsìnkú, ìwọ sì mọ̀ pé ìyá tó bí yín ò gba ìjánu lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ti ṣe mí rí.

Nígbà tí màámi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àkọ́bí ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn wọn. Ìwé ìsìnkú ẹlòmíì ni mo ṣí, mo dà á kọ, mo pààrọ̀ orúkọ. Ọjọ́ ìbí, ìrìbọmi, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan tí òun àti màámi jọ ṣòwò ní Tamale fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní: "Ta là ń sin?"

Ojú tì mí.

Ẹni tí ìyá yẹn mọ̀ ò sí nínú ìwé náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní àríwá Gánà láyé ìgbà yẹn. Wọ́sìwọ́sì ni màámi ń tà, abẹ́rẹ́, òòyà, dígí, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń ná ọjà kiri. Ní November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àlejò tí ò níwèé ní ọ̀sẹ̀ 2 péré kí wọ́n kó jáde. Àwọn míì ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé bẹ́ẹ̀dì. Màámi ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́ orí ọkọ̀. Mo rí i, ọmọdé ni mí, orí ẹrù ni mo jókòó sí.

Nígbà tá a padà délé, kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gùn lọ sí Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ká ìró dé orúnkún, wọ́n á máa tẹ agogo fún àwọn tó ń bú wọn. Nígbà tí wọ́n darúgbó, àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń bà jẹ́. (Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi nìyẹn o.) Wọ́n á ní ọ̀dọ̀ aránṣọ làwọn ń kó wọn lọ, ìdí egúngún ni wọ́n máa wà, màámi tó jẹ́ ìyá ìjọ!

Nítorí náà, ẹ má bi ẹbí nìkan. Ẹbí á fọ òkú mọ́ jù. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni kẹ́ ẹ lọ bá, àti àwọn tí wọ́n jọ jà lọ́jà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má fi dọ̀la. Mo ní lẹ́yìn ìnáwó ni màá lọ jókòó ti ìyá Tamale yẹn. Kí òjò tó dá lọ́dún náà, òun náà ti lọ. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó kọ́ màámi ní kẹ̀kẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Mo gbé obì lọ fún ọ̀kan nínú wọn, ó fi èrìgì hàn mí. Ẹ ra àkàrà.