Èsì: Ṣé mascot oúnjẹ máa ń wọ fíìmù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé ṣé àwọn mascot orí páálí oúnjẹ yìí (àwòrán ẹ̀dá tí wọ́n fi ń polówó ọjà) ti wọ fíìmù kàtúùnù gidi rí àbí orí ìpolówó nìkan ni wọ́n mọ. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ o. Ẹ wá Foodfight!, 2012 ló jáde, inú súpámákẹ́ẹ̀tì ni, tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn tán gbogbo àwọn orí páálí á jí dìde, Charlie Tuna wà níbẹ̀, Mr. Clean náà wà níbẹ̀ (ọṣẹ ìfọlé ni tiẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe oúnjẹ). Àmọ́ ẹ má retí nǹkan kan jàre, wọ́n kàn wá ṣojú ni, ajá kan tí wọ́n hùmọ̀ fún fíìmù yẹn ló ń ṣe akínkanjú, àwòrán ọ̀hún ò sì ṣeé wò.

Charlie yẹn, ìpolówó ló ti dùn. Ẹja ni, ó dé fìlà pupa, ó wọ awò ojú, láti 1961 ló ti ń bẹ StarKist, ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹja inú agolo, pé kí wọ́n wá mú òun sínú agolo (ẹja wo ló ń tọrọ ikú!), wọ́n á ju ìwọ̀ sómi lóòótọ́, inú ẹ̀ á dùn, àfi kó rí i pé bébà kékeré ni wọ́n so mọ́ ọn, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ò fẹ́ ẹ: "Sorry, Charlie." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fi ta ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tẹ́ẹ bá ń wá èyí tó já sí nǹkan, California Raisins ni kẹ́ẹ wò, èso àjàrà gbígbẹ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolówó, nígbà tó fi máa di 1988 wọ́n ti ní eré tiwọn lórí tẹlifíṣàn, Meet the Raisins!