Ìwé Owó Kànga Ìlú Wa: Ṣé Àṣírí Ìjọba Ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa nítòsí Òmù-Àrán. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbẹ́ kànga onípáǹpù kan sí iwájú ọjà wa. Oṣù méjì péré ni a fi rí omi níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ páǹpù ti ń lọ sókè-sódò lásán. A fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná lé e lórí àti bí wọ́n ṣe ní kí ó jìn tó. Ọ̀gá tí mo bá ní ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ó sì ní àṣírí ìjọba ni. Àwọn ọmọ wa ní Ìlọrin ní tiwọn ń sọ pé gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, akọ̀wé. Iye owó tí ìjọba fi gbẹ́ kànga kì í ṣe àṣírí rárá. Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ tó wà ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì sọ ọ́ ní abala kìn-ín-ní rẹ̀ pé kò pọn dandan kí olùbéèrè sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àṣírí yìí ti wá: òfin kan wà láti ọdún 1962 tí ó ń mú kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa bẹ̀rù àtijẹ́ kí ìwé jáde, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin ti ọdún 2011 wí pé bí wọ́n tilẹ̀ lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ fáìlì, òǹtẹ̀ náà nìkan kò tó láti fi dí aráàlú lọ́nà.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò de àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òpin sí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tó ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, nígbà tí ó dájọ́ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Kwara wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, bí wọ́n ṣe ní kí ó gbẹ́ ẹ jìn tó, iye tí wọ́n san àti ọjọ́ tí wọ́n san án, àti ìwé tí ẹnìkan fọwọ́ sí pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ ó mú lọ sílé. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀, owó àdàkọ nìkan ni wọ́n sì lè gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ìtanràn ₦500,000 sì wà fún ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìtọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà ni pé ìyá tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ díẹ̀ ni àwọn ọmọ yín sọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ètò ìṣúná síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó tó ń san jáde síbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Fọ́tò ojú ìwé ni, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òǹtẹ̀ ti bo nọ́ńbà méjì mọ́lẹ̀. “Gbígbẹ́ kànga ní oríṣiríṣi ìlú” ni wọ́n kọ síbẹ̀, owó kan ṣoṣo ló sì wà níwájú rẹ̀. Ìlú wo? Kànga mélòó? Èmi kò ka irú ìyẹn sí àkọsílẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè mú un dé ìdí kànga kankan kí ó sì fi wádìí. Kí kànga kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú, ìjìnlẹ̀, owó àti ọjọ́, nínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò. Ẹ béèrè fún un bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ ké sí oníṣẹ́ páǹpù kí ó tú u, kí ó so òkúta mọ́ okùn, kí ó sọ ọ́ sínú ihò náà títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Kí ẹ wọn okùn náà níṣojú ìyálọ́jà àti àwọn àgbà, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìjọba kọ.